Bàbá Tó Bí Ìyá Ẹṣin

Òjò rọ̀ ní ìdájí, ó sì dá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kò là. Ìkùukùu dúró lórí ọ̀sà bí ẹni pé wọ́n ń dáná lábẹ́ omi. Ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa ní àdúgbò Boribana mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàtà ọkùnrin tó wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà fi yà mí lẹ́nu: kò sí ẹrẹ̀ kankan lára rẹ̀. Mo wá rí i pé ṣe ló bọ́ ọ nígbà tó ń bọ̀, ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó tún wọ̀ ọ́ kó tó kí mi. Ẹni tó bá ṣe irú ìyẹn, mo máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ mi ọkùnrin ló mú un wá. Ọjọ́ pẹ́ tí ọmọ mi ti ń tọ́jú ẹṣin fún ọ̀gá kan lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yopougon. Nígbà tí ọ̀gá náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fi abo ẹṣin kan ta á lọ́rẹ, irú ẹṣin eré ìje tí wọ́n ń pè ní pur-sang. Ọmọ mi kò ní nǹkan mìíràn láyé yìí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó ń retí kí ẹṣin náà bí ọmọ tó máa sáré.

Àlejò fẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀: kó mú abo ẹṣin wa lọ, kó fún wa ní abo tirẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré.

"Ìyá wa, ẹ kú òtútù o." Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá òun. Mo bi í pé agbo ilé wo. Ó ní ó ti pẹ́.

"Màámi," ni ọmọ mi wí, "pur-sang gidi ni ẹṣin rẹ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ ṣe premier, ipò kìíní, ní France, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Bàbá àgbà láti ọ̀dọ̀ ta?"

"Grand-père rẹ̀ ni, Màámi."

"Mo gbọ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ni àbí bàbá ìyá rẹ̀?"

Ọmọ mi wo àlejò. Àlejò rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, bàbá àgbà kì í ha ṣe bàbá àgbà? Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n àgùntàn ni mo sìn tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo ní àgbò dúdú kan nígbà kan. Àwọn akọ tó bí, ọ̀lẹ pátápátá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àwọn abo tó bí bá bí, kí n tó nu ara rẹ̀ tán ló ti dìde tó ń wá ọmú. Inú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kó agbára rẹ̀ pamọ́ sí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ ta abo ẹran fún mi, ẹni tó bí ìyá rẹ̀ ni mo máa ń bèèrè. Wọ́n a fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjà Adjamé pé ṣé ìyàwó ni mo wá wádìí.

Mo ní kó mú ìwé ẹṣin náà wá. Ó ká a sí méjì, apá òkè ló ń fi hàn wá. Mo bá pe ìyàwó ọmọ mi. Pọ́ọ̀tù, èbúté ọkọ̀ òkun, ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ẹrù ló ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú rẹ̀ kì í fo ìlà. Ó gba ìwé náà tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tú u.

"Père du père, bàbá bàbá rẹ̀, òun ni ẹṣin France yẹn." Ó sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀. "Mère, ìyá rẹ̀, ìlà ni wọ́n fà síbẹ̀. Père de la mère, bàbá ìyá rẹ̀, ìlà náà ni."

"Kí ni ìlà túmọ̀ sí?"

"Pé wọn ò mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Akọ̀wé ló gbàgbé," ni àlejò wí. "Mo fi ojú mi rí ìyá rẹ̀ ní Mali."

"Akọ̀wé gbàgbé ìyá," ni ìyàwó ọmọ mi wí, "ó wá rántí bàbá bàbá."

Ọmọ mi mú ìwé ẹṣin tiwa jáde. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá ẹṣin wa sí nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí kò fi kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ka orúkọ bàbá ìyá ẹṣin náà, ọmọ mi gbórí sókè. Ó ní ọ̀gá òun máa ń sọ nípa akọ ẹṣin yẹn pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè sáré, àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin bí ló ń sáré. Òun rò pé àwàdà ni.

Mo wo àlejò. "Ìwọ, ṣé o mọ̀?"

Ó ní òun ò mọ nǹkan kan, pé ẹṣin wa kàn wu òun ni. Bóyá òótọ́ ni. Mi ò mọ̀ títí dòní.

Ọmọ mi kò lè lé e. Ó ti ṣèlérí fún un kó tó mú un wá, ojú sì ń tì í láti yẹ̀ ẹ́. Àlejò dìde, ó ní ọkọ̀ òun tó máa gbé ẹṣin wa ń bọ̀ lọ́la.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, lọ sí Yopougon, mo sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin kí ọkọ̀ náà tó dé. Nígbà tó dé, mo sọ fún àlejò náà pé ọmọ mi gbà lóòótọ́, èmi tí mo bí i ni mi ò gbà, èmi ni kó sì máa bú lọ.