Àbẹ̀kẹ́ Mi Tó La Ọ̀nà Sójú Ọ̀run

Àbẹ̀kẹ́, ó dìgbà o. Ìwọ tó yẹ kí o sin mí, èmi ni mo ń dágbére fún ọ. Ọkọ rẹ ní kí òun bá mi kọ ìdágbére yìí, mo kọ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, tó ń la ọ̀nà fún sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lókè, tó ń wo ọ̀sà wa. Nígbà tí mo sọ iṣẹ́ rẹ fún àwọn aládùúgbò rẹ ní Ìtámágà, ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní, “Màmá, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ tún títì wa ṣe ná.” Mo ní ọ̀nà tí ọmọ tèmi ń là kò ní kòtò.

Síbẹ̀, kò yé èmi náà. Létí ọ̀sà, mo bi ọ́ pé kí ló gbé nǹkan náà dúró lókè. O ju òkò sómi. O ní, “Màámi, ó ń já bọ̀ ni. Òkò tèmi já sítòsí. Bí agbára bá tì í tó, bó ṣe ń já bọ̀ ni ilẹ̀ yóò máa yẹ̀ fún un, torí ayé rí róbótó. Kò ní rí ibi já sí.” O ní bí ọ̀nà náà bá rẹlẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yóò fà á wálẹ̀, bó bá ga jù, kò ní rí ọ̀sà wa kedere. Ìwọ lo ń wá ibi tó tọ́. Mo lanu sílẹ̀, eṣinṣin ìbá wọ ẹnu mi.

Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ààrò tí mo ti ń yan ẹja, o nawọ́ sókè, o ní sátẹ́láìtì náà ń bọ̀. Ó yọ lóòótọ́. Mo ní ọkọ̀ òfurufú ni. O ní, “Iná ọkọ̀ òfurufú a máa ṣẹ́jú. Èyí kì í ṣẹ́jú. Ilẹ̀ ti ṣú bá wa níbí, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń ràn sí i lára lókè.” Èmi tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni bọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀.

Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú ọ lọ. Ìkòròdú ni wọ́n ti ń sin ọ́, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi mí sí, torí ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Mo bá wọn jà títí, kí n tó gbà. N kò ní wo ilẹ̀ tí wọ́n fi ọ́ sí. Ta ni yóò wá ní kí n má wòkè?

Nígbà tí àwọn tó sin ọ́ bá ti padà sílé, tí ilẹ̀ ń ṣú, màá dúró lẹ́yìn ààrò. Yóò kọjá. Kò ní ṣẹ́jú. Èmi náà kò ní ṣẹ́jú.

Ilẹ̀ ti ṣú bá wa, Àbẹ̀kẹ́. Kí oòrùn máa ràn sí ọ lára níbi tí o wà. Sùn re o, ọmọ mi.

Ìyá rẹ, ní Ẹ̀pẹ́.