Ife Búlúù Tí Ìyá Wa Fún Àbúrò Mi

Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Èmi ṣípá títí apá fi ń ro mí, síbẹ̀ àbúrò mi obìnrin ni ìyá wa ń gbé. Nígbà tó bímọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1988, ìyá wa ti ìsọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ wọn ní ọjà Akẹ̀sán, wọ́n lọ bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí èmi bí tèmi l'Ọ̀yọ́ ńkọ́? Wọ́n ní ọjà ò ṣeé fi sílẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ ilé ọkọ, wọ́n fún àwa méjèèjì ní ife gíláàsì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, búlúù bí aró. Wọ́n ní ìbejì ni àwọn ife náà. Ọ̀dà lásán ló wà lára tèmi, mo ti rí i tipẹ́, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti àbúrò mi, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tí mo lọ kí i kú ewu ọmọ, ó gbé ife náà jáde, abẹfẹ́lẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ará ilé wa kan ní ọ̀dà ni. Ṣé kí n ha á díẹ̀ ká mọ̀?"

Inú mi ní kó ha á. Ṣùgbọ́n ìyá wa jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fi òrí pa ọmọ lára, àwọn ni wọ́n sì kọ́ mi láti kékeré pé ẹni tó fi abẹ dán ìlẹ̀kẹ̀ wò ti sọ ojúlówó di alábùkù. Mo gba abẹ náà, mo gbé ife lọ sójú oòrùn.

Mo wo etí rẹ̀ láti òkè. Tèmi funfun níbẹ̀ bí ìgò. Tirẹ̀ búlúù wọnú. Mo fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ò kan ìlà tí ife tí ẹ̀rọ ṣe máa ń ní. Hóró afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, àpá sì wà nídìí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kán an kúrò lórí irin tí wọ́n fi dì í mú nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Èémí ènìyàn ni wọ́n fi fẹ́ ẹ. Owú fẹ́ẹ̀ pa mí.

"Ojúlówó ni," ni mo wí.

Àbúrò mi fò fáyọ̀. "Ẹ ṣé o! Tiyín náà á jẹ́ ojúlówó nìyẹn!"

Mo yíjú sí ìyá wa. "Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀." Wọn ò gbójú sókè. "Ọ̀kan ṣoṣo ni òyìnbó míṣọ́ọ̀nù fi ta mí lọ́rẹ. Ọjà Igbó ni mo ti ra ìkejì. Ìwọ ni mo kọ́ níṣẹ́ mi. Kí ni kí n wá fún òun?"

Mo dá ife padà fún ẹni tó ni ín. Ojú tí mo fi ń mọ gíláàsì kò ṣeé fi bu omi fún àlejò. Ife yẹn ni mo fẹ́.