Ọrun Bàbá Wa àti Ìkejì Rẹ̀

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọparun tí a ń yan lórí èédú, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rí. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Kàdúná lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè mi láti àdúgbò Kabala Costain dé àdúgbò Television: bí àga bá ya nílé ọlọ́lá, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kò sí igi tí mo rí tí n kò lè ṣe ìkejì rẹ̀.

Ọrun kan wà nídìílé wa tí bàbá bàbá wa gbé bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Kì í ṣe irú tàwọn ọdẹ wa. Ọparun pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ra, ó sì ga ju èèyàn lọ. Inú àpò aṣọ ló ń gbé. Ọjọ́ ọdún nìkan ni bàbá wa máa ń ti ilẹ̀kùn, á so ọsán, okùn ọrun náà, mọ́ ọn, á wá gbé e jáde ní títẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Nígbà tí bàbá kú lọ́jọ́ ọdún kan, kó tó tú ọsán náà, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ungwan Dosa jogún rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ ògiri pẹ̀lú ọsán lára. Bó ṣe fẹ́ kó lọ sí Ìlọrin, ó ní kí n ṣe ìkejì rẹ̀, kí ọ̀kan lè kù sí Kàdúná.

Mo fura. Ẹni tí kò yá mi ní ṣọ́bìrì rí ló wá ń gbé ọrun lé mi lọ́wọ́? Òun náà fura sí mi. Ojoojúmọ́ nìyàwó rẹ̀ ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun ń wo àga. Àga wo? Ọwọ́ mi ló ń wò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí obìnrin náà ti lọ sílé, mo tú ọsán náà, kai! Ọrun ta padà, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bó ṣe ń bá ọsán jà ni agbára rẹ̀. Mo la ọparun, mo yan án, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi rọ́bà tíúbù dì í mọ́ igi títẹ̀. N kò dúró síbẹ̀. Mo fi èéfín sọ ọ́ di arúgbó, mo fi awọ gbígbó wé ibi ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe èmi kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wá wò ó, mo tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ láìso ọsán. Gógó, àbúrò bàbá wa obìnrin, ló kọ́kọ́ figbe ta: "Subhanallahi! Ọrun bàbá mi kì í tẹ̀ báyìí! Ó ti pààrọ̀ ẹ̀!"

"Mo mọ̀!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta lo tà á fún?"

"Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe ń rí nìyẹn tí wọ́n bá tú u."

"Ìwọ ìwé mẹ́ta! Ìwọ lo wá mọ ohun tí bàbá ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

Ìyàwó rẹ̀ mi orí. "Mo ní kí ẹ jẹ́ n máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn."

Bí n kò bá so ó, olè ni mí. Bí mo bá so ó tó ṣẹ́, èmi ni mo ba ogún jẹ́. Mo kọ́kọ́ mú tèmi, mo fi orúnkún tì í, mo so ọsán rẹ̀, ó yí padà. Mo mú ti bàbá, bismillah. Ó ké kẹ̀ẹ́. Gógó bojú. Kò ṣẹ́; ó tẹ̀ bíi tọjọ́ ọdún. Gógó bú sẹ́kún, ó ń tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún.

"Èwo ni ti bàbá?"

"Tọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ òun ni, o ò ní tètè sọ." Ó já tọwọ́ òsì gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, wallahi, tèmi lẹ mú yẹn!"

"Haba! Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe mùmú?" Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Mo ti pè é lórí fóònù láti tún un sọ. Ó ní mo fẹ́ fọgbọ́n gbà á padà ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Iṣẹ́ tó dára jù tí ọwọ́ mi ṣe láyé wà ní Ìlọrin, wọ́n ń fi han àlejò, wọ́n ń yin oníṣẹ́ Bọ́mà tí wọn kò mọ̀. Ti bàbá wà nílé mi. N kò jí i, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi hàn tí kò ní bi mí pé báwo ló ṣe dé ọwọ́ mi?