Bàbá Alágbàfọ̀ ní Ọdún Kòrónà

Omi kún ẹnu Bàbá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì wú. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fọ́n omi náà sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó tẹ́ sórí tábìlì, omi sì bà lé e wínníwínní bí ìrì. Lójú ẹsẹ̀ ló ti gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e. Aṣọ dún ṣìì, ooru gbéra, òórùn sítáàṣì àti ti èédú sì gba gbogbo ẹ̀yìn ilé. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ọkọ rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó wọ irú rẹ̀ wọ àgbàlá wa.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu fọ́n omi sí aṣọ wa mọ́. Àbí ẹ ò tíì gbọ́ nípa àrùn tó wà níta ni?"

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù ró. Ó wo aṣọ, ó wo obìnrin náà. "Mo ti gbọ́," ló wí. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó mú ìgbálẹ̀ kékeré kan jáde, ó tì í bọ inú omi, ó sì fi wọ́n àwọn aṣọ tó kù. Láti ọjọ́ náà, n kò rí i kó fi ẹnu fọ́n omi mọ́. Ohun tó ti ń ṣe láti bí ogójì ọdún, ó fi í sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ráhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Àgbàlá wa wà ní Treichville, ní ìlú Abidjan. Yàrá méjìlá ló yí i ká, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì sì wà lẹ́yìn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn kan lára wa ti wá, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ àwọn tó ti Kétu lọ́hùn-ún ní Benin wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé nígbà àwọn òyìnbó. Bí àwọn òbí bá bá àwa ọmọ sọ Yorùbá, Faransé la fi ń dá wọn lóhùn. Bàbá nìkan ni kì í gbà á lọ́wọ́ wa. Bí mo bá sọ pé "bonjour," á máa lọ aṣọ rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́, àfi ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀ tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ní Abidjan, ló ń fọ̀, tó sì ń lọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà. Èéfín èédú ti ba àyà rẹ̀ jẹ́ látọjọ́ pípẹ́, ikọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Àgbà ló ń gbé yàrá tó kángun sí tirẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹbí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé lẹ́yìn ilé yẹn, kò sì sí àárọ̀ kan tí wọn kì í jà. Wọ́n lè jà lórí ẹni tó gbé garawa ẹnì kejì kúrò níbi tó wà, tàbí lórí bóyá òjò máa rọ̀. Bí wọ́n bá jà tán, Ìyá Àgbà á bu atíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó jọ gààrí, fún un.

Nígbà tí àrùn náà wọ Abidjan, wọ́n ti ilé ìwé pa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn níta lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n sì dí àwọn ọ̀nà tó jáde kúrò nínú ìlú. Ọkùnrin kan ní òpópónà kejì sí tiwa ṣàìsàn, wọ́n fi ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, olórí àgbàlá pè wá jọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, gbogbo wa ń pè é ní Tonton, bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá ní Faransé.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ti géètì fún oṣù kan. Ẹni tó wà nínú, kó má jáde. Ẹni tó wà níta, kó má wọlé."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bàtà rọ́bà ló ń tà ní ọjà Adjamé. "Tonton, owó ìfẹ̀yìntì yín á máa wọlé bí ẹ bá tiẹ̀ jókòó sílé. Bí èmi ò bá lọ sọ́jà lọ́la, kí ni àwọn ọmọ yìí máa jẹ lọ́túnla? Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé àwọn àgbà ni àrùn yìí ń pa jù. Àgbà méjì ló wà nínú àgbàlá yìí. Ẹ jẹ́ kí a dáàbò bo àwọn méjèèjì dáadáa, kí àwa yòókù máa ṣọ́ra, ká sì máa lọ síbi iṣẹ́."

Tonton mi orí. "Báwo la ṣe fẹ́ dáàbò bò wọ́n? Ẹ̀rọ omi kan là ń lò. Ohun tí o bá gbé bọ̀ láti Adjamé, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ń bọ̀."

Báyìí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn Tonton, àwọn kan wà lẹ́yìn ìyá mi. Ẹnì kan ní kí a kó àwọn àgbà méjèèjì sí yàrá kan, kí a sì máa gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní kí á wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn jáde kúrò nílùú. Orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni Bàbá àti Ìyá Àgbà jókòó sí ní gbogbo ìgbà yìí, kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, Bàbá wúkọ́.

"A ń gbọ́ yín o," ló wí. "Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti ń gbé wa síhìn-ín gbé wa sọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi wá pé kí la fẹ́."

Tonton bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lẹ fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan sùn lébi nítorí pé èmi ti dàgbà. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ tì mí mọ́ yàrá bí àpò gààrí. Ẹ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan sílẹ̀ fún àwa méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ pọnmi láàárọ̀ kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ mi lẹ́yìn ilé, kí ẹ sì máa dúró lókèèrè bá mi sọ̀rọ̀."

"Ìwọ ńkọ́, Ìyá Àgbà?" ni Bàbá bi í.

"Ibi tí alágbàfọ̀ yìí bá wà lèmi náà wà," ló fèsì. "Bí mo bá lọ síbòmíràn, ta ni n ó máa bá jà?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ìpàdé sì parí síbẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí sìmẹ́ńtì, láti ògiri dé ògiri, kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ti dáwọ́ dúró ní Plateau, aṣọ kò wá mọ́, ni Bàbá bá ní kí á máa kó ìbòmú gbogbo àgbàlá wá fún òun, pé iná áyọ́ọ̀nù òun á pa ohunkóhun tí ọṣẹ kò bá pa. Èmi ni mo ń kó wọn lọ. Aṣọ àǹkárá tó ṣẹ́ kù ni ìyá mi fi rán wọn. Mo máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, màá padà sẹ́yìn, Bàbá á wá gbé e.

"Ìbòmú mélòó lo gbé wá?"

"Vingt-deux."

"Mélòó?"

Mo ronú títí. "Méjìlélógún, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ òǹkà Yorùbá kọjá mẹ́wàá. Ó tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kí ó tó kan apá, àti bí a ṣe ń fi etí mọ̀ bí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná jù. Ìyá Àgbà á máa ti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ sọ pé irọ́ ló ń pa fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọbìnrin Ìyá Àgbà gbé ọkọ̀ wá láti Biétry, ní apá ibòmíràn nínú Abidjan. Òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé ńlá kan létí ọ̀sà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì, kò wọlé.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé. Mo ti tọ́jú yàrá kan fún ẹ̀yin nìkan."

"Ilé ni mo wà yìí. Mi ò fẹ́ lọ."

"Bí ohunkóhun bá ṣe yín láàárín èrò tó pọ̀ báyìí, kí ni kí n sọ fún àwọn àbúrò mi?" Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó, ó sì wọlé lọ di ẹrù. Bàbá fi áyọ́ọ̀nù bá a lọ ìró méjì tó fẹ́ mú lọ, ó sì gbé wọn sórí àpótí fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà pe Bàbá lórí fóònù. Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù sétí dáadáa, ó máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta ni, nítorí náà mo ń gbọ́ wọn. Ó ní yàrá náà tutù, ó mọ́, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ-ọmọ òun sì ń juwọ́ sí òun láti ẹ̀yìn gíláàsì.

"Kí lo wá ń ṣe látàárọ̀?" ni Bàbá bi í.

"Mò ń wo omi."

Ó ń pè lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, Bàbá ló ń pè é, ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà sì ń dín kù.

Láàárín ìgbà náà, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ sẹ́yìn ilé mọ́, mo bá dákẹ́. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ lọ bí ìṣe mi, mo kí Bàbá.

"Dúró níbẹ̀," ló wí. "Ohùn rẹ yàtọ̀."

"Ọ̀fìnkìn lásán ni, sà."

"Gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn padà. Lọ sọ fún ìyá rẹ." Kò pariwo, ṣùgbọ́n ó ti fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á. N kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí. Ojú tì mí gan-an.

Wọ́n yẹ̀ wá wò. Àrùn náà ni. Ìyá mi ní in, èmi náà ní in, ó sì ti ran àwọn mẹ́rin mìíràn. Àwa tí a kéré sí àgbà borí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tonton ló mú jù. Kò sí ẹni tó kà á mọ́ àwọn àgbà lọ́jọ́ ìpàdé, òun fúnra rẹ̀ kò ka ara rẹ̀ mọ́ wọn, torí ó máa ń pa irun rẹ̀ láró dúdú, ó sì ń rìn kánmọ́kánmọ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó dé, ṣòkòtò kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Ìyá mi gbé ọbẹ̀ lọ bá a, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Tonton, èmi ni mo gbé e wá láti ọjà."

Tonton ní, "Dìde. Ká ní a ti géètì, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ì bá ti jẹ kí ni?" Ṣùgbọ́n ìyá mi ń gbé ọbẹ̀ fún un títí di òní.

Àrùn náà kò dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

Ní Biétry, Ìyá Àgbà kò jẹun mọ́. Dókítà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí kòrónà lára rẹ̀. Bàbá pe ọmọ Ìyá Àgbà lórí fóònù, ó ní, "Gbé e padà wá fún wa." Ọmọ náà ní, "Bàbá, àìsàn wà nínú àgbàlá yín. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀." Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n bá Ìyá Àgbà lórí ibùsùn rẹ̀, ó ti kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n gbà láyè, Bàbá kò sì lè lọ. Ó jókòó síwájú yàrá Ìyá Àgbà tó wà ní títì pa, kò dá iná èédú lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí nǹkan rọlẹ̀, ọmọ Ìyá Àgbà wá kó ẹrù ìyá rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èmi ni mo pa ìyá mi?"

Bàbá dáhùn. "Rárá. Ká ní ó dúró síbí ni, àrùn náà ì bá lè mú un, ó sì lè má mú un. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀rù ló bà ọ́, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọ pé òun ò fẹ́ lọ."

"Mo gbọ́ ọ nígbà tó sọ ọ́," ni obìnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la gbọ́. Èmi náà ni mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ìró tó kó lọ."

Bàbá tún lo ọdún mẹ́ta kí àìsàn àyà rẹ̀ tó pa á, nínú yàrá rẹ̀, ìyá mi àti Tonton sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ṣì gbà pé ètò tí a ṣe ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tonton ṣì gbà pé ó yẹ kí a ti géètì. N kì í bá èyíkéyìí nínú wọn jiyàn, nítorí mo wà níbẹ̀, n kò sì mọ ẹni tó jàre.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́ báyìí. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n rán wa lọ ní Port-Bouët, mo máa ń rí àwọn ọmọ tó dúró yí ibùsùn àgbà kan ká, tí wọ́n ń bá dókítà sọ̀rọ̀ kọjá orí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó hàn lójú wọn. Bí wọ́n bá jáde, mo máa ń jókòó tì í, kí n bi í léèrè ohun tó fẹ́. Ilé ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣeé ṣe, èmi ni mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò ní ṣeé ṣe. N kì í dìde lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi.