Aṣọ Ìsìnkú Ìyá Àgbà

Bí mo bá ṣí àpótí aṣọ, tí òórùn kánfọ̀ gba imú mi, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá kọ́ àṣà wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ti parí iṣẹ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa, wọ́n ń fi epo jẹ iṣu sísun. Ìyá àgbà mi gbé òfì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun jáde nínú àpótí fún wọn wò.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù ní yunifásítì," ni olùkọ́ wọn wí. "Màá dá a padà kí oṣù tó parí."

"Tíṣà, aṣọ tí wọ́n máa fi sin mí ni o. Má jẹ̀ẹ́ kí n kú kí o tó dé!"

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi eyín pa ẹ̀kùrọ́? Ikú wo ló tó bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Oṣù parí. Ìyá àgbà ń na ọrùn wo gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń kọjá. Nígbà tí òjò dé, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì la fi sin ín.

Mo ti di olùkọ́ fúnra mi kí n tó rí aṣọ náà nínú gíláàsì, lára ògiri pálọ̀ tíṣà ọjọ́ yẹn. Kò dá mi mọ̀, ó sì rọra ṣàlàyé fún mi pé àwọn ìyá àgbà ló ń hun irú rẹ̀ sílẹ̀ de ìsìnkú ara wọn.