Oyin Tí Mo Bù fún Ìyá Àgbà

Bí òórùn oyin bá ti ta sí mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn àwọn Faransé l'Atakpamé ni mo máa ń rántí.

Ògbufọ̀ ibẹ̀ ní, "Màmá, àìsàn kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sọ o, èrò pọ̀."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ikọ́ ò jẹ́ kí n sùn, egbò ẹsẹ̀ mi ò jinná. Èwo ni kí n fi sílé nínú wọn?"

Egbò yẹn ni wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì dì.

Nígbà tá a délé, ó mu igbá omi kan, ó mu èkejì, ó sì lọ tọ̀ sẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí èèrà fi bo ibẹ̀.

"Ìyá Àgbà, èèrà mà fẹ́ràn yín o!"

"Wọ́n mọ̀ pé mo dùn ni, ọkọ mi."

Ikọ́ tún gbé e. Mo sáré bu oyin tí bàbá mi rà bọ̀ láti Anié, ó lá a, mo tún bu òmíràn sí i. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé adùn tí àwọn èèrà yẹn ń wá ló ń jẹ ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀ mí í tọ́jú."