Káàdì Tó Ń Ṣí Gbogbo Ilẹ̀kùn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines nílùú òyìnbó, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. N kò kàwé lọ títí, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń ṣí yàrá mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, kò sí ohun tí wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ nípa ilẹ̀kùn mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé ní Edgewater, ní àjà kẹrìnlá, níbi tí a ti ń rí adágún ńlá láti ojú fèrèsé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun ń ṣe. Ilé iṣẹ́ kan ní Schaumburg tó ń rán nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn arúgbó ló gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn nọ́ọ̀sì náà kì í fi nǹkan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọwọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nínú yàrá kékeré ní ọ́fíìsì, sáfà ni wọ́n ń pè é. Inú rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà wà, àti orúkọ aláìsàn, àti àkókò tí kálukú máa lọ wò wọ́n. Ibi yòówù kí nọ́ọ̀sì wà, á ti ibẹ̀ wọ inú sáfà yẹn lọ ṣiṣẹ́.

Wàhálà dé nígbà tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sọ pé tó bá di ọjọ́ kan báyìí, àwọn ò ní bójú tó o mọ́ lórí irú sáfà àtijọ́ bẹ́ẹ̀.

"Kò ní kú lọ́jọ́ náà, Mọ́mì," ni ọmọ mi wí. "Ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tí a máa pè. Tí olè bá rí ihò lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí i."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Ká ra sáfà tuntun, tàbí ká kó gbogbo wọn lọ sórí virtual desktop. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ni àwọn ẹ̀rọ ọ̀hún níbi tó jìnnà. Àwa á kàn máa háyà ẹ̀."

"Bíi kéèyàn ta ilé, kó lọ máa san rẹ́ǹtì."

"Ẹ ò rí i! Mọ́mì ti ń gbọ́ kọ̀ǹpútà!"

Rẹ́ǹtì ló mú. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í pariwo, gbà fún un. Ṣùgbọ́n ó ní kó fi Sátidé àti Sọ́ńdè kó wọn tán, pé tí àwọn nọ́ọ̀sì ò bá rí orúkọ aláìsàn wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí mo ṣe kírun Àlàsárì tán, ó pè mí látìdí tábìlì. "Ó parí! Ẹ wá wò ó." Ó tẹ èyí, ó ṣí. Ó tẹ tọ̀hún, ó ṣí. Inú mi dùn, àfi bí mo ṣe rántí hòtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn wa, máníjà fúnra rẹ̀ fi káàdì rẹ̀ dán yàrá àjà mẹ́ta wò. Gbogbo rẹ̀ ló tan iná àwọ̀ ewé. Ó bọ àwọn tó ṣe é lọ́wọ́, ó lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa tí à ń tọ́jú yàrá dúró sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aṣọ ibùsùn wa, iná pupa ni gbogbo ilẹ̀kùn ń tàn sí káàdì wa. Títí di ọ̀sán làwọn àlejò fi jókòó sórí ẹrù wọn nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn. Káàdì tó ń ṣí ohun gbogbo ni máníjà fi dán an wò.

"Káàdì ta lo fi ṣí i?" ni mo bi ọmọ mi.

"Káàdì kẹ̀? Password ni, Mọ́mì."

"Password ta ni?"

"Tèmi."

"Ìwọ lọ̀gá inú kọ̀ǹpútà yẹn. Kí ni ò ní ṣí fún ẹ? Ṣé nọ́ọ̀sì kankan ti wọlé?"

"Mi ò fẹ́ dà wọ́n láàmú lọ́jọ́ ìsinmi."

"Èmi wà níbí. Dà mí láàmú."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó fún mi ní orúkọ àti àṣẹ bíi ti nọ́ọ̀sì tó kéré jù, ó sì to orúkọ aláìsàn tó kàn dá sílẹ̀ lásán síwájú mi, kí n má baà rí àṣírí ẹnikẹ́ni. Mo wọ awò ojú mi. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò. Ṣé o máa jókòó ti gbogbo nọ́ọ̀sì lọ́la ni?"

Lẹ́tà ṣí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Mo tẹ ibi tí àkókò ìbẹ̀wò wà, ó ní wọn ò fún mi láṣẹ. Ọmọ mi kà á, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Orúkọ tèmi nìkan ni mo fún ní àṣẹ sí méjèèjì! Gbogbo wọn ni ì bá dúró síta lọ́la."

"Wọn ò tíì dúró síta. Tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọlé tí mo tún jáde. Mo se tíì láàárín rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo kọ ohun tí mo fẹ́ rà lọ́jà síbẹ̀: ọṣẹ, ẹ̀wà, epo pupa, gílóòbù ilé ìwẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gba orí fóònù rẹ̀ wọlé láti kíṣìnì. Ọṣẹ àti ẹ̀wà mi wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó gbé fóònù sáàárín wa. Nígbà tó dún, ó fò dìde. Nọ́ọ̀sì kan ni. Ohun gbogbo ló ṣí fún un, ṣùgbọ́n àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà dà?

"Ìyẹn nìkan?" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọ̀gá pè lẹ́yìn náà. Ó ní gbogbo nọ́ọ̀sì ti lọ síbi iṣẹ́, pé kí ọmọ mi máa bá iṣẹ́ òun lọ. Ó wá béèrè pé orúkọ kan wà nínú àkọsílẹ̀ tóun ò mọ̀, ta nìyẹn?

"Ìyá mi ni. Àwọn ló bá mi dán an wò."

Ọ̀gá ní kó yọ orúkọ náà kí ọ̀sán tó pọ́n, àti pé lọ́jọ́ mìíràn, kó tó sọ pé nǹkan ti parí, kó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀.

Ó yọ mí kúrò níṣojú mi. Kò dùn mí. Nígbà tí mo kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì náà, mo dá káàdì wọn padà. Àfi pé ohun tí mo fẹ́ rà lọ́jà bá orúkọ mi lọ, mo sì tún un kọ sórí bébà.